Ìlú Mẹ́ta Nínú Ìwé Yìgì

Ọwọ́ òsì Ameenah ni ẹ̀gbà wúrà náà wà, ọwọ́ òsì náà sì ni wọ́n ki abẹ́rẹ́ omi bọ̀. Nígbà tí Àlàájà Jelilat fẹ́ gba wúrà rẹ̀ padà, ó ní láti pe nọ́ọ̀sì kí ó kọ́kọ́ wá yọ abẹ́rẹ́. Ó dúró tì í. Kò kánjú, ojú kò sì tì í.

Oṣù kan péré ló kù kí Ameenah di ìyàwó ọmọ rẹ̀, Mutaz, tó jẹ́ ẹnjiníà. Ọjọ́ mọ́kànlá sẹ́yìn ni takisí tí Ameenah wọ̀ láti Mẹ́kà sí Jẹ́dà tàkìtì lójú títì. Ọ̀pá ẹ̀yìn rẹ̀ ṣẹ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì kò sì gbọ́ tirẹ̀ mọ́.

"Dókítà, ẹ má bínú sí mi," ni Àlàájà Jelilat wí fún bàbá Ameenah, ó ń nu ẹ̀gbà náà mọ́ ìborùn rẹ̀. "Ohun tí Ọlọ́run kọ la ń rí. Ṣùgbọ́n mi ò bí ọmọ mi kó wá máa ti ọmọlanke. Àwọn ìlú òyìnbó tí wọ́n ní àwọn fẹ́ lọ lẹ́yìn ìgbéyàwó, wọ́n ní òkúta ni gbogbo ilẹ̀ ibẹ̀. Ta ni yóò máa gbọn kẹ̀kẹ́ arọ kiri lórí òkúta?"

Dókítà Abdulwahid, tó ti fi ọdún mẹ́rìnlá ṣe dókítà ní ilẹ̀ Saudi, tí ẹnu rẹ̀ kì í wọ́n lọ́rọ̀, bẹ̀rẹ̀ sí ka ìwé oògùn tó wà lórí ibùsùn. Mutaz wà lẹ́nu ọ̀nà. Fóònù rẹ̀ ni ó ń wò.

Ameenah kò sunkún. Nígbà tí wọ́n lọ tán, ó ní kí bàbá òun bá òun wá bírò. Ó kọ orúkọ ìlú mẹ́ta sẹ́yìn ìwé oògùn, bí Mutaz ṣe máa ń kà wọ́n fún un: Granada, Toledo, Róòmù.

"Kí ni ìyẹn?" ni bàbá rẹ̀ bi í.

"Ibi tí mò ń lọ," ni ó wí.

Ọdún méjì ni ó fi kọ́ bí a ti ń gbé ara ẹni láti orí ibùsùn sórí kẹ̀kẹ́, láti orí kẹ̀kẹ́ sínú mọ́tò. Ó padà sẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀, ó ń po oògùn ní ilé ìwòsàn kan ní Jẹ́dà. Àwọn èèyàn ní ó ní sùúrù. Kì í ṣe sùúrù. Ẹni tó ń retí ẹ̀san kì í fi agbára ṣòfò ni.

Nígbà tí òun àti bàbá rẹ̀ lọ ṣe Úmúrà, bàbá rẹ̀ sanwó fún ọ̀kan nínú àwọn tó ń ti kẹ̀kẹ́ fún àlejò Ọlọ́run ní Haram, mọ́sálásí ńlá Mẹ́kà. Uthman ni orúkọ onítọ̀hún. Hujun ní Mẹ́kà ni wọ́n bí i sí. Láti Ìsẹ́yìn ni ìyá àgbà rẹ̀ ti wá ṣe hájì, tí kò sì padà sílé mọ́. Láàárín òkè Sọfá àti Márúwà, níbi tí wọ́n ti ń lọ tí wọ́n ń bọ̀, Ameenah ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ yí táyà, gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀.

"Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ràn mí lọ́wọ́," ni Uthman wí. "Ẹ̀yin ń tì í sọ́tùn-ún, èmi ń tì í síwájú. Ìjà la máa jà dé Márúwà."

Ameenah yíjú padà. "Yorùbá yín dà bí ti arúgbó."

"Arúgbó ló tọ́ mi. Tí ẹ bá fẹ́ ti ọmọdé, kí n yáa máa sọ Lárúbáwá."

Ameenah gbé ọwọ́ kúrò lára táyà. Láti ọdún méjì, kò tíì jẹ́ kí ẹlòmíràn ti òun láìjanpata. Kẹ̀kẹ́ náà ń lọ bí ọkọ̀ ojú omi.

"Ṣé orí ilẹ̀ dídán bí èyí nìkan lẹ ti lè tì í báyìí?"

"Hujun ni mo ti dàgbà. Àtẹ̀gùn ni ọ̀nà ilé wa, ọdún mẹ́jọ ni mo sì fi ti ìyá àgbà gùn ún."

"Òkúta ńkọ́? Òkúta àtijọ́, èyí tí kò tẹ́."

"Kẹ̀kẹ́ kì í bẹ̀rù òkúta. Ẹni tó ń tì í ló ń bẹ̀rù. Èèyàn á gbé táyà kékeré iwájú kúrò nílẹ̀, á fi ti ẹ̀yìn rìn. Tí ó bá jẹ́ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, á fẹ̀yìn sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Kí lẹ fẹ́ fi òkúta ṣe?"

Ameenah gba nọ́ńbà rẹ̀. Bàbá rẹ̀ rò pé nítorí Úmúrà mìíràn ni.

Ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, ó pè é wá sí Balad, àdúgbò àtijọ́ tó wà láàárín Jẹ́dà, níbi tí àwọn ilé olójú-fèrèsé-igi wà, tí ojú ọ̀nà sì rí kángunkàngun. Àlàájà Mabruka bá wọn lọ, kí ẹnikẹ́ni má bàa rí wọn ní àwọn méjì péré. Ọ̀rẹ́ ìyá Ameenah tó ti kú ni Àlàájà Mabruka. Alárinà ni; òun ló ń bá àwọn èèyàn wa tó wà láàárín Mẹ́kà àti Jẹ́dà wá ọkọ àti aya. Ó mọ gbogbo ilé, gbogbo ilé sì mọ ẹnu rẹ̀.

Uthman ti kẹ̀kẹ́ náà gba gbogbo kọ̀rọ̀ tí Ameenah ní kí ó gbà. Ó gùn, ó sọ̀, ó gbé e fo ojú gọ́tà. Lẹ́ẹ̀kan péré ni ara Ameenah mì. Nígbà tí wọ́n jókòó mu tíì, ó sọ ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ bí ẹni ń ka oògùn fún aláìsàn.

"Ìlú mẹ́ta ni mo fẹ́ lọ ní Yúróòpù, tí ẹnìkan ti ṣèlérí fún mi rí. Ẹni tó mọ òkúta ni mo ń wá. Mi ò sì lè bá ọkùnrin tí kì í ṣe tèmi rin irú ìrìn bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, mo fẹ́ kí ẹ fẹ́ mi."

Àlàájà Mabruka gbé ife rẹ̀ kalẹ̀. "Iṣẹ́ tèmi dà nínú èyí?"

Uthman rẹ́rìn-ín. "Ṣé bí wọ́n ti ń tọrọ ọkọ ní Jẹ́dà nìyí? Ẹni tó yẹ kó mú yín lọ ńkọ́?"

Ameenah sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Ó sọ ti abẹ́rẹ́, ó sọ ti ẹ̀gbà, ó sọ ti ọmọlanke. Ẹ̀rín kúrò lójú Uthman.

"Ọmọlanke ni ó pe iṣẹ́ mi?"

"Òun ni. Mo fẹ́ kí ó rí mi lórí gbogbo òkúta tó ní mi ò lè dé, kí ó sì rí ẹni tó tì mí débẹ̀."

Uthman mu tíì rẹ̀ tán. "Màá rán àwọn èèyàn mi sí bàbá yín."

Ohun kan wà tí Ameenah kò sọ fún un. Àlàájà Mabruka nìkan ni ó sọ ọ́ fún nígbà tí wọ́n ń padà lọ: bí àwọn bá ti dé láti ìlú kẹta, òun yóò dá sọ̀daàkí, owó tó bá fi fẹ́ òun, padà fún un, òun yóò sì gba ara òun kúrò nínú yìgì. Ó rò pé ọ̀rọ̀ sọnù sí etí àgbàlagbà nìyẹn.

Dókítà Abdulwahid kọ̀ jálẹ̀. "Ọkùnrin tó ń ti èèyàn jẹun, Ameenah?"

"Bàbá, ẹ̀yin náà, èèyàn lẹ fi ń jẹun."

"Má fi mí ṣẹ̀fẹ̀. Mo mọ ohun tí ò ń ṣe. Ìbínú lo fẹ́ fi so yìgì. Ilé tí wọ́n fi ìbínú kọ́, ta ni yóò sùn nínú rẹ̀?"

"Ìwé yìgì kì í béèrè ohun tó wà nínú ikùn ẹni."

"Ọlọ́run ńkọ́?"

Ameenah yí kẹ̀kẹ́ rẹ̀ padà, ó wọ yàrá lọ. Ìbéèrè náà tẹ̀ lé e wọlé.

Síbẹ̀, Dókítà kò lé àlejò. Ọjọ́ tí àwọn èèyàn Uthman wá sí ilé wọn ní Sharafiyah, àdúgbò kan ní Jẹ́dà, tí àwọn àgbà ń kí ara wọn, Uthman rí i pé táyà kẹ̀kẹ́ Ameenah kan ń mì. Ó dìde, ó yọ irinṣẹ́ kan nínú àpò, ó kúnlẹ̀ sórí kápẹ́ẹ̀tì, ó sì dì í. Ó padà lọ jókòó. Dókítà wò ó títí. Ní ọ̀sẹ̀ kejì ó ní kí wọ́n máa bọ̀ wá so yìgì.

Níbi yìgì, àfáà béèrè bóyá ìyàwó ní àdéhùn tí ó fẹ́ kí wọ́n kọ sínú ìwé, torí pé ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni. Àwọn ìyàwó mìíràn a máa ní kí ọkọ jẹ́ kí àwọn máa ṣiṣẹ́ lọ.

"Kí ó mú mi dé Granada, Toledo àti Róòmù," ni Ameenah wí.

Àfáà gbójú sókè, ó sì kọ ọ́. Ó bi Uthman bóyá òun náà ní àdéhùn.

"Èmi ò ní," ni Uthman wí.

Granada ni wọ́n kọ́kọ́ dé, nínú oṣù kẹwàá. Òkúta wẹ́wẹ́ bí ẹyin àparò ni wọ́n fi tẹ́ ojú ọ̀nà àdúgbò òkè, gbogbo rẹ̀ sì jẹ́ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Àwọn òyìnbó ń sáré wá ràn wọ́n lọ́wọ́, Uthman ń ju ọwọ́ sí wọn pé kí wọ́n má ṣèyọnu. Nínú ààfin àwọn ọba Mùsùlùmí àtijọ́, ó ń ka Lárúbáwá tó wà lára ògiri fún un. Ameenah gbọ́ díẹ̀. Fóònù ni ọkàn rẹ̀ wà. "Ẹ dúró síbí. Ẹ gbá ọwọ́ kẹ̀kẹ́ mú. Ẹ wòkè." Ó gbé fọ́tò náà sórí sítátọ́ọ̀sì WhatsApp rẹ̀. Kò kọ nǹkan kan sí i ju orúkọ ìlú lọ. Lẹ́yìn ogún ìṣẹ́jú, ó yẹ àwọn tó ti wò ó wò. Orúkọ Àlàájà Jelilat wà níbẹ̀. Oúnjẹ ọ̀sán ọjọ́ náà dùn mọ́ ọn lẹ́nu.

Ní Toledo, òjò ká wọn mọ́ òkè, ìdè táyà kékeré iwájú sì já. Uthman wo ọ̀nà lókè, ó wò ó nísàlẹ̀. Ó gbé Ameenah jókòó sẹ́nu ọ̀nà ọkùnrin kan tó ń ta búrẹ́dì, ó fi kẹ̀kẹ́ náà sílẹ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níwájú Ameenah.

"Gùn mí."

"Ẹ fẹ́ pọ̀n mí? Èmi, àgbàlagbà?"

"Ṣé o fẹ́ kí òjò pa ọ́ nítorí àgbà?"

Ó fi ìborùn Ameenah gbà á mọ́ ẹ̀yìn bí wọ́n ti ń pọn ọmọ, ó sì gbé e sọ òkè náà. Nígbà tí wọ́n dé ìdajì, Ameenah bẹ̀rẹ̀ sí rẹ́rìn-ín, kò lè dá a dúró. Omi ń ro látojú rẹ̀ sí ọrùn ọkọ rẹ̀. Nílé àlejò, Uthman fi aṣọ nu ẹsẹ̀ rẹ̀ tí kò mọ nǹkan kan lára, ìka kan tẹ̀ lé ìka kejì, bí ẹni pé ẹsẹ̀ náà mọ̀. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti di tọkọtaya ní tòótọ́. Ameenah kò gbé fọ́tò kankan jáde. Ó gbàgbé ni.

Ẹ̀rù bà á nígbà tí ó rí i pé òun gbàgbé. Nítorí náà, ní Róòmù, ìlọ́po méjì ni ó yà.

"Ta là ń ya gbogbo èyí fún?" ni Uthman bi í, níbi tí àwọn òkúta dúdú onígun mẹ́rin ti ń bá táyà jà.

"Ẹ mọ̀ ọ́n."

"Mo mọ̀ ọ́n. Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ ni bóyá ó ti tó."

"Kò tíì tó," ni Ameenah wí.

Ilé kan nísàlẹ̀ ní Sharafiyah ni wọ́n gbà nígbà tí wọ́n dé. Uthman ń wọ bọ́ọ̀sì lọ sí ibi iṣẹ́ rẹ̀ ní Mẹ́kà, ó sì ń padà wá. Wọ́n lo oṣù mẹ́rin, Ameenah kò sì rántí àtidá sọ̀daàkí padà. Ní ọjọ́ kan ni Àlàájà Mabruka wọlé, ó tilẹ̀kùn.

"Iṣẹ́ ni wọ́n rán mi. Ìyàwó tí Mutaz fẹ́, Raghad, ó ti kó ẹrù rẹ̀. Ó ní òun ò lè bá ìyá ọkọ gbé. Àlàájà Jelilat ti rí gbogbo fọ́tò rẹ. Ó ní ọmọ gidi ni òun sọ nù, pé òun fẹ́ wá bẹ̀ ọ́ kí o padà sọ́dọ̀ Mutaz."

"Mo wà nílé ọkọ, Àlàájà."

"Mo mọ̀. Àmọ́ mo ti ṣàlàyé fún un pé yìgì ìrìn-àjò ni, pé ó máa tó tán." Àlàájà Mabruka wo ojú rẹ̀. "Àbí kì í ṣe bí o ti wí nìyẹn?"

Ó yẹ kí Ameenah sọ pé kì í ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́. Ọ̀rọ̀ náà dé ẹnu rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó rí Àlàájà Jelilat lọ́kàn rẹ̀, tí ó wọ ọkọ̀ láti ilé rẹ̀ ní Rusaifah ní Mẹ́kà, tí ó wá sí Jẹ́dà wá bẹ òun. Ọdún mẹ́ta ni ó ti ń rí àwòrán náà kí ó tó sùn.

"Ní kí wọ́n wá ní Jímọ̀, lẹ́yìn ìrun Alásàrì," ni ó wí.

Ní Alámísì, ó gbé oúnjẹ síwájú ọkọ rẹ̀. "Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má tètè dé lọ́la."

"Ta ló ń bọ̀?"

"Àlàájà Jelilat àti Mutaz. Wọ́n ń bọ̀ wá bẹ̀ mí."

Uthman fọ ọwọ́ rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò tíì jẹun. "Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ẹnìkan bi mí níbi iṣẹ́ pé ìgbà wo ni mo máa kọ ìyàwó, pé ìrìn-àjò ti parí. Mo rò pé ẹ̀fẹ̀ ni. Ṣé o sọ bẹ́ẹ̀?"

"Mo sọ ọ́ kí n tó mọ̀ yín."

"Ó dáa. Ṣé o wá sọ fún wọn pé o ti mọ̀ mí báyìí?"

"Tí mo bá sọ, kò ní wá. Tí kò bá wá, kò ní kúnlẹ̀."

"Èmi ni mo gbọ́dọ̀ pòórá kí ó lè kúnlẹ̀."

"Ọjọ́ kan péré ni."

"Màá pòórá," ni Uthman wí. "Ṣùgbọ́n n kò mọ ìgbà tí màá yọjú. O ò lè rán mi lọ kí o tún yan ọjọ́ àbọ̀ fún mi." Ó kó aṣọ díẹ̀ sínú àpò. Kò pariwo. Ameenah ìbá fẹ́ kí ó pariwo.

Ṣé kí òun pè é padà? Ó gbé fóònù lẹ́ẹ̀mejì. Lẹ́ẹ̀mejì ni ó gbé e kalẹ̀.

Wọ́n dé ní Jímọ̀ bí wọ́n ti ṣèlérí. Àlàájà Jelilat gbé páálí dàbínù dání. Mutaz jókòó, ó ń wo bàtà ara rẹ̀.

"Ẹ kú ìrìn, Àlàájà," ni Ameenah wí. Tẹ́lẹ̀, Màmá ni ó máa ń pè é.

"Ọmọ mi, èèyàn a máa ṣì í ṣe. Mo wá tọrọ àforíjì."

"Kí lẹ ṣe?"

"Ọ̀rọ̀ kan tí mo sọ ní ọsibítù."

"Ọ̀rọ̀ wo?"

"Ó ti pẹ́, ọmọ mi. Ta ló ń rántí?"

"Èmi ń rántí. Ẹ sọ ọ́."

Àlàájà Jelilat wo ọmọ rẹ̀. Ọmọ rẹ̀ kò gbójú sókè. "Mo ní mi ò bí ọmọ mi kó wá máa ti ọmọlanke."

"Ìyẹn ni. Mutaz, ìwọ náà ò lẹ́nu ni?"

"Ẹ má bínú," ni Mutaz wí. Kò mọ̀ pé òun ti ń pè é ní ẹ̀yin, bí ẹni ń bá àgbà sọ̀rọ̀.

"Ṣé o fẹ́ kí n kúnlẹ̀ ni?" ni Àlàájà Jelilat béèrè, ó ń retí kí wọ́n dá òun dúró, bí ọmọ tó gbẹ́kọ̀ọ́ ti ń dá àgbà dúró.

"Mi ò ní kí ẹ má kúnlẹ̀."

Orúnkún ń dun obìnrin náà. Mutaz dìde láti dì í mú. "Fi wọ́n sílẹ̀," ni Ameenah wí, Mutaz sì fi í sílẹ̀. Ó fi ọwọ́ ti àga, ó fi orúnkún kan kalẹ̀, ó mí, ó fi èkejì tẹ̀ lé e. Nígbà tí ó kúnlẹ̀ tán, ojú rẹ̀ àti ojú Ameenah wá ṣe déédéé. Ameenah jẹ́ kí ó wà bẹ́ẹ̀. Ó wò ó títí ìpè ìrun ìbá fi bẹ̀rẹ̀ kí ó sì parí.

"Mo ní ọkọ, Àlàájà," ni ó wí níkẹyìn.

"Ṣebí Mabruka ní ti ìrìn-àjò ni."

"Ọkọ ni. Ọmọlanke ni ẹ pe iṣẹ́ rẹ̀. Ẹ dìde, ẹ gbé dàbínù yín, kí ẹ máa lọ."

Lẹ́nu ọ̀nà ni Mutaz ti yíjú padà. "Kí ló dé tí o fi jẹ́ ká wá, nígbà náà?"

"Kí ẹ lè wá ni."

Ó dùn. Ẹni tó bá sọ pé ẹ̀san kì í dùn, kò tíì gbẹ̀san rí ni. Ó dùn fún bíi wákàtí kan. Lẹ́yìn náà ni ó rí i pé kò sí ẹni tí òun lè sọ ọ́ fún, pé ẹnì kan ṣoṣo tí òun fẹ́ sọ ọ́ fún ni òun ti rán jáde. Oúnjẹ tutù. Sátidé kọjá, ọjọ́ Àìkú kọjá. Uthman kò gbé fóònù.

Ní Mọ́ńdè, Ameenah gba ààyè níbi iṣẹ́, ó wọ takisí lọ sí Mẹ́kà. Níbi tí wọ́n ti ń gba ẹni tó ń ti kẹ̀kẹ́, títò ni wọ́n ń tò. Ẹni tó bá kàn ni yóò mú oníbàárà tó bá kàn, kò sí yíyàn. Uthman ni ó wà ní ipò kẹjọ. Ameenah jẹ́ kí oníbàárà méje kọjá níwájú òun. Arúgbó kan láti Íńdónéṣíà dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ pé ó ní ìwà.

Uthman dé ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́. "Ṣé ẹ ti múra?" ni ó bi í, bí ó ti ń bi gbogbo èèyàn.

"Mo ti múra."

Wọ́n yí Káábà lẹ́ẹ̀kan.

"Mo ti lé wọn," ni Ameenah wí.

"Mo gbọ́."

"Ó kúnlẹ̀."

"Mo gbọ́ ìyẹn náà. Ẹnu Mabruka kì í gba ìsinmi." Ó ti kẹ̀kẹ́ síwájú díẹ̀. "Ṣé ó pẹ́ lórí ìkúnlẹ̀?"

"Ó pẹ́."

Uthman darí kẹ̀kẹ́ náà kúrò lójú ọ̀nà àwọn tó ń kánjú. "Ǹ bá fẹ́ rí i. Iṣẹ́ mi ni ó bú. Bí o bá ní kí n jókòó tì ọ́, ǹ bá wọ aṣọ mi tó dára jù, ǹ bá jókòó, ǹ bá sì wò ó dáadáa. O fi mí pamọ́ bí ẹní tó ya, tí wọn kò fẹ́ kí àlejò rí."

"Mo jẹ̀bi," ni Ameenah wí. Ọ̀rọ̀ náà le lẹ́nu rẹ̀. Kò tíì sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni láti ìgbà tó ti dàgbà. "Tí wọ́n bá tún wá lọ́la, màá tún jẹ́ kí ó kúnlẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ yín ni màá jókòó sí."

"Wọn ò ní wá mọ́."

"Mo mọ̀."

Nígbà tí wọ́n yí i tán lẹ́ẹ̀meje, ó tì í jáde síbi tí takisí wà. Ó gbé e sórí ìjókòó, ó ká kẹ̀kẹ́ náà, ó fi í sẹ́yìn ọkọ̀.

"Ẹ jẹ́ ká jọ máa lọ sílé," ni Ameenah wí.

"Inú ń bí mi, Ameenah. N kò tíì bínú tán."

"Ìgbà wo lẹ máa bínú tán?"

"N kò mọ̀. Ṣùgbọ́n kò ní pẹ́ tó tìrẹ."

Ọjọ́ mẹ́fà ni ó gbà á. Ní ọjọ́ keje, ó wọlé pẹ̀lú àpò aṣọ rẹ̀, ó béèrè oúnjẹ, ó tọ́ ọ wò, ó ní iyọ̀ ti pọ̀ jù níbẹ̀. Ameenah, tí kì í gbà fún ẹnikẹ́ni, ní ó pọ̀ jù lóòótọ́.